Ẹran Àárín Búrẹ́dì

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àbúrò mi kì í jẹun nílé wa. Mo fẹ́ kí gbólóhùn yẹn péye, nítorí náà màá tún un sọ dáadáa: ó ń jẹ gààrì gbígbẹ, ó ń jẹ búrẹ́dì lásán, bí a bá sì bó ọsàn fún un, á mu ún. Ohun tí kì í fẹnu kàn ni ohunkóhun tí Mọ́mì bá fi ọwọ́ ara wọn sè. Sídíkátù lorúkọ rẹ̀, Sídí là ń pè é. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì àkọ́kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi sì wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn nílé ìwé kan náà. Làsúnwọ̀n ní Ìkòròdú là ń gbé nígbà yẹn, nínú ilé kan tí mo máa ń rántí ìró rẹ̀ kí n tó rántí bí ògiri rẹ̀ ṣe rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàtà Mọ́mì ni a máa kọ́kọ́ gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn á máa rọra tẹ̀ ẹ́ kí àwa má baà jí, àwa náà á sì jí. Ṣéènì géètì á dún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohùn Dádì tó ń sọ pé àwọn ti pẹ́. Àwọn méjèèjì á lọ wọ ọkọ̀ ní Agric, torí Èkó lọ́hùn-ún ni iṣẹ́ wọn wà, wọn kì í sì í dé títí di ẹ̀yìn ìrun màgàríbì. Láàárín ìgbà yẹn, èmi ni mo ni ilé. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. Èmi ni mò ń pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù, tí mò ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, tí mò ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, tí mo sì ń gbé oúnjẹ tí Mọ́mì fi sílẹ̀ síwájú Sídí, tí mo tún ń gbé e padà sínú fíríìjì bó ṣe wà.

Bí mo bá wò ó báyìí, ìdí tí kò fi jẹun kò ṣòro láti mọ̀. Ìgbà tí wọ́n bí i bọ́ sí àkókò tí Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ní báńkì kan, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wá láti ìgbà tí wọ́n ti jáde ní yunifásítì. Sídí kò tíì hu eyín tí wọ́n fi já a lẹ́nu ọmú, tí ìyá Dádì wá gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ohun tí wọ́n jọ sọ ni pé kò ní pẹ́. Ó pẹ́. Ọmọ náà kọ́ ìrìn ní Ẹ̀pẹ́, ó kọ́ ọ̀rọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ yọ níbẹ̀. Ìyá ló ń pe ìyá Dádì, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n. Mọ́mì ni ó ń pè ní Àǹtí, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará agboolé náà ń sọ ọ́ tí wọ́n bá ń retí wọn: "Àǹtí Ìkòròdú ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé." Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ pé kó má pè wọ́n ní Mọ́mì. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó tó ilé ìwé lọ, àwọn òbí mi lọ gbà á padà. Mo wà níbẹ̀. Ìyá fúnra wọn ló di ẹrù rẹ̀, wọ́n sìn wá dé ibùdókọ̀, wọ́n sì bá Mọ́mì sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Ìyàwó mi, mo gbé e fún yín o. Ṣùgbọ́n màá wá wò ó. Bí mo bá bá a tó ti rù, èmi àti ẹ̀ la jọ ń padà bọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn."

Dádì rẹ́rìn-ín. Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó láàárín wọn, mo sì gbà gbọ́ pé Mọ́mì ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe jẹ́. Ìyá kì í halẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn máa ṣe nǹkan, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ fún un. Dádì pàápàá, tó ń pàṣẹ fún èèyàn púpọ̀ níbi iṣẹ́, kì í sọ ju "ó dáa, Ìyá" lọ tó bá dé iwájú wọn.

Mo máa ń lo ìsinmi ilé ìwé ní Ẹ̀pẹ́, nítorí náà mo mọ ohun tí àbúrò mi pàdánù. Agboolé náà kò jìnnà sí ọ̀sà. Ẹja ni Ìyá ń tà, tútù àti yíyan, èéfín ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja kì í sì í kúrò lára ògiri, lára aṣọ, lára irun wa. Láàárọ̀, ẹ̀ńjìnnì àwọn ọkọ̀ ojú omi á máa dún láti ọ̀nà jíjìn bíi kòkòrò. Mọ́sálásí méjì á pe ìrun, èkejì á sì máa dúró kí èkíní fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń fèsì. Lẹ́yìn èyí ni àwọn obìnrin á dé pẹ̀lú agbọ̀n, tí ariwo iye owó á gba gbogbo ojúlé. Ìyá ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ fún wa lójoojúmọ́: "Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ tí ẹja bá wà lórí iná." Òmíràn ni pé, "Máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa ṣiṣẹ́." Ọmọ kékeré bíi Sídí ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹja lórí ààrò kó má fọ́. Oúnjẹ ibẹ̀ ni ẹ̀bà, èbìrìpò tí wọ́n fi kókò ṣe, àti ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi ewùrà sè, tí ẹja yíyan kún inú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti mọ adùn ìyẹn, ìrẹsì àti ọbẹ̀ inú fíríìjì máa ń rí lójú rẹ̀ bí oúnjẹ àlejò.

Mọ́mì gbìyànjú. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, nítorí lẹ́yìn náà àwọn ẹbí kan máa ń sọ ọ́ bíi pé ńṣe ni wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Sùúrùlérè ni wọ́n ti tọ́ Mọ́mì dàgbà, ìyá wọn kò sì se ìkọ́kọrẹ́ rí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ra ewùrà, wọ́n lọ̀ ọ́ nínú bílẹ́ńdà títí tó fi kúnná bí ẹ̀kọ. Sídí tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ti Ìyá máa ń ní kókó," ló wí.

Nígbà tí wọ́n tún sè é, wọ́n fi ọwọ́ rin ewùrà náà títí tí ìka wọn fi bó. Ó ní kókó. Sídí tún tọ́ ọ wò. "Ẹja yìí kì í ṣe ẹja Ẹ̀pẹ́," ló wí, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ kún un pé, "Ẹ ṣé, Àǹtí. Mo ti yó." Mo rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn ló dun Mọ́mì jù. Ká ní ó sunkún ni, ká ní ó ta abọ́ nù, wọn ì bá mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ṣe ń bá ẹni tó gbà á lálejò sọ̀rọ̀.

"Ọmọdé ni," ni Dádì wí. "Ebi á kọ́ ọ."

"Dádì Rùká, ìyá yín ń bọ̀," ni Mọ́mì fèsì. Rùkáyátù ni orúkọ mi, èmi sì ni àkọ́bí, torí náà orúkọ mi ni wọ́n fi ń pe Dádì. "Ìyá yín ò ní béèrè ohun tí ebi ń kọ́ ọ. Apá ẹ̀ ni wọ́n máa dì mú."

Ọdún yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ Dádì. Nínú ìpè tó kọ́kọ́ wọlé láti Ẹ̀pẹ́, tí ẹnì kan níbẹ̀ bá Ìyá tẹ̀, ni wọ́n ti sọ pé Ọjọ́rú ni àwọn ń bọ̀. Àwọn á sùn lọ́dọ̀ wa, torí àwọn ní ẹja tí àwọn fẹ́ lọ wò ní Ìjẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n máa gbé padà lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ tí Mọ́mì ń bá Dádì sọ̀rọ̀ ní pálọ̀. "Gbogbo ohun tí mo bá sè ló ní èyí tó fi ń wé e. Ọbẹ̀ mi, ó fi ń wé ọbẹ̀ wọn. Ẹ̀bà mi, ó fi ń wé ẹ̀bà wọn. Màá se ohun tí wọn ò tíì sè rí ní Ẹ̀pẹ́." Dádì ní kí ni nǹkan ọ̀hún. Mọ́mì ní bọ́gà. Wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ní ilé oúnjẹ kan nítòsí báńkì wọn. Búrẹ́dì ló wà lókè àti nísàlẹ̀, Sídí sì ń jẹ búrẹ́dì. Ẹran á wà láàárín, kò ní sí bó ṣe máa jẹ búrẹ́dì náà tí kò ní jẹ ẹran. Mo ti lọ sí yunifásítì báyìí, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà ro ìṣòro dé òpin, èrò Mọ́mì yẹn ṣì dára lójú mi. Àṣìṣe inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹni tí wọn kò tọ́ ní Ẹ̀pẹ́ lè rí.

Ní Ọjọ́rú náà, Mọ́mì gba àyè níbi iṣẹ́, wọ́n tètè dé. Wọ́n gbé fúláàsì oúnjẹ kan dání tó kún fún yìnyín, inú yìnyín náà ni wọ́n tẹ ṣíìsì sí láti Èkó. Wọ́n ti ra búrẹ́dì roboto ní Agric, wọ́n sì ti ra ẹran lọ́wọ́ alápatà ní Sábó. Ìyá ti dé ṣáájú wọn, ní àkókò ìrun àsárì. Kí wọ́n tó jókòó ni wọ́n ti gbé Sídí lé itan, wọ́n sì fi àtàńpàkò àti ìka kan yí apá rẹ̀ ká, gẹ́lẹ́ bí Mọ́mì ṣe sọ.

"Kí lo jẹ lọ́sàn-án?"

"Gààrì."

"Kí lo fi jẹ ẹ́?"

"Ọwọ́ mi."

Ìyá wo ojú mi. Wọ́n fa tẹ̀súbà wọn yọ, wọ́n sì ń kà á lọ. Lójú mi, ọ̀rọ̀ ti parí, àwọn ẹrù Sídí ló kù tí mo ń wò lọ́kàn, èyí tó máa kó lọ àti èyí tó máa gbàgbé.

A kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹran. Mọ́mì fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n, ó ṣì ń fà. Wọ́n bá gbé odó kékeré sílẹ̀, wọ́n da ẹran sínú rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Ìyá gbọ́ ọ láti pálọ̀, ojú wọn sì yí padà díẹ̀.

"Rùká, ṣé iyán ni?"

"Rárá, Ìyá. Ẹran ni."

"Ẹran kẹ̀?" Wọ́n dìde, wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n sì wo inú odó náà pẹ́. "Ìyàwó, kí ni màlúù yìí ṣe ọ́?"

"Mo fẹ́ kó kúnná ni, Mà."

"Wọ́n ti pa á, o tún ń lù ú." Mọ́mì kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sá jáde. "Ta ló dúńbú ẹ̀?"

"Alápatà Sábó ni, Mà. Mùsùlùmí ni, mo béèrè."

"Ó dáa." Wọ́n fa àpótí kékeré, wọ́n jókòó. Wọn kò gba ọmọ odó lọ́wọ́ Mọ́mì, wọn kò sì na ọwọ́ sí nǹkan kan. Mo ṣàkíyèsí rẹ̀ nígbà náà, torí n kò rí i rí kí Ìyá wà níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ kí wọ́n má bá wọn dá sí i. Ní Ẹ̀pẹ́, bí ẹlòmíràn bá ń bó iṣu, Ìyá á gba ọ̀bẹ. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n ká ọwọ́ lé itan, bí ẹni tó wá wo iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹlòmíràn.

Mọ́mì fọ́ ẹyin sí ẹran náà, wọ́n rẹ́ àlùbọ́sà, wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n rún ìyókù búrẹ́dì àná mọ́ ọn kó lè dì. Wọ́n mọ ọ́n láàárín àtẹ́lẹwọ́, roboto, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. "Àkàrà ẹran," ni Ìyá wí, wọ́n ń sọ ọ́ fún ara wọn. Ó kan òróró inú páànù tí a fi ń dín ẹyin, ó sì pariwo. Òórùn rẹ̀ dára, ó fa Sídí wá láti ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ni Mọ́mì ṣí ṣíìsì, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi ọ̀rá wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sídí gbé imú sún mọ́ ọn.

"Ó ń rùn bí ẹsẹ̀ Dádì."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí tí tẹ̀súbà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Mọ́mì àti Sídí náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ilé náà, mi ò sì rò pé ó túmọ̀ sí nǹkan tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Wàrà ni," ni Ìyá wí nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án. "Àwọn Fúlàní máa ń gbé e kọjá. Ṣùgbọ́n tiwọn funfun." Mọ́mì gbé e lé orí ẹran gbígbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. "Ó ti ń bàjẹ́, ó ti ń bàjẹ́!"

"Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn, Mà."

"Kó yọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Mo rí i lójú Ìyá pé wọn ò gbà.

Dádì dé bí a ṣe parí ìrun màgàríbì. Ìyá kò fẹ́ jókòó sórí àga, nítorí náà a tẹ́ ẹní sí pálọ̀, Mọ́mì gbé tirẹ́ ńlá sí àárín, bọ́gà kan sì wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú abọ́ tirẹ̀. Mọ́mì gbé tiwọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. "Báyìí la ṣe ń jẹ ẹ́, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà," ni wọ́n wí, wọ́n sì bù ú jẹ kí Sídí lè rí i. Dádì bù ú jẹ. Èmi náà bù ú jẹ. Ó gbóná, ata inú rẹ̀ ta díẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Sídí gbé tirẹ̀, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Lẹ́yìn náà ó ṣí búrẹ́dì náà, ó fi ìka méjì yọ ẹran jáde tòun ti ṣíìsì tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó rọra gbé e sí etí abọ́, ó pa búrẹ́dì náà dé padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì.

Mọ́mì dáwọ́ oúnjẹ dúró. "Sídí, ẹran ńkọ́?"

Ẹnu rẹ̀ kún. Ó mi orí, ó ń bá búrẹ́dì lọ. Mo rí ojú Mọ́mì. Gbogbo ohun tí wọ́n ti rò, gígún tí wọ́n gún, fúláàsì tí wọ́n gbé láti Èkó, gbogbo rẹ̀ ti padà di ọmọ tó ń jẹ búrẹ́dì lásán, ó sì ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹni tó wá wò ó. Wọ́n gbé bọ́gà tiwọn sílẹ̀ sínú abọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo Ìyá, Ìyá náà ti yọ ẹran tiwọn. Ó wà ní etí abọ́ wọn, ní ibi kan náà gan-an, búrẹ́dì sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ìgbà yẹn ló yé mi, ó sì yà mí lẹ́nu pé n kò tètè rò ó. Ní Ẹ̀pẹ́, inú abọ́ kan la ti ń jẹun. A kì í fọwọ́ kan ẹja tó wà lójú ọbẹ̀ nígbà tí òkèlè bá ṣì kù. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ mú ẹja, wọ́n á wò ó bí ẹni tó jalè. Tí òkèlè bá tán, Ìyá á ṣa gbogbo ẹja jọ, wọ́n á gé e, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó kéré jù, wọ́n á máa pín in bọ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ara wọn. Èyí tó bá kù ni tiwọn, ó sì lè má ju egungun orí lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ Sídí nìyẹn. Kò kọ ẹran Mọ́mì. Ó ń fi í pamọ́ de ìgbà tó yẹ. Oúnjẹ tí Mọ́mì wá torí pé kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú Ẹ̀pẹ́, ọmọ náà ti jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun ní Ẹ̀pẹ́.

Èmi dáwọ́ dúró, ìdajì ẹran mi ṣì wà níbẹ̀. Dádì, tí wọ́n tọ́ nínú agboolé yẹn kan náà, ti ń nu ẹnu.

"Múfútáù," ni Ìyá pè é. "O ti jẹ tìẹ?"

"Ìyá, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni."

"Èkó ti bà ọ́ jẹ́."

Sídí jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, ó lá ìka rẹ̀, ó sì ti abọ́ rẹ̀ síwájú Ìyá. "Ìyá, ẹ pín in."

Ìyá ti fọ ọwọ́. Mo rò pé ńṣe ni wọ́n máa mú ẹran náà. Wọ́n wò ó, wọ́n wo ọmọ náà, wọn kò gbé ọwọ́ kúrò lórí itan.

"Èmi kọ́ ni mo sè é," ni wọ́n wí.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń pín in."

"Nílé wa ni. Èmi ni mo máa ń sè é níbẹ̀. Ta ló se èyí?"

Sídí ronú. "Àǹtí."

"Ẹni tó sè é ló ń pín in. Gbé e fún un."

Títí di òní, mi ò lè sọ bóyá òfin kan wà bẹ́ẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ Dádì nígbà tí mo dàgbà. Ó ní nínú agboolé àwọn, àgbà ló ń pín in, ẹnikẹ́ni tó wù kó sè é, òun kò sì gbọ́ òmíràn rí. Ó ṣeé ṣe kó gbàgbé. Ó tún ṣeé ṣe kí Ìyá ti dá òfin náà sílẹ̀ lórí ẹní wa, láàárín ìgbà tí ọmọ náà ti abọ́ síwájú àti ìgbà tí wọ́n la ẹnu. Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé wọ́n sọ ọ́ láìyí ohùn padà, bí ẹni ń sọ ibi tí ìlà oòrùn wà, Sídí sì gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó gbé abọ́ náà, ó rìn yí tirẹ́ ká, ó gbé e síwájú Mọ́mì, ó sì kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró.

Mọ́mì kò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Wọ́n wò mí.

"Ẹ ṣa gbogbo ẹ̀ jọ, Mọ́mì," ni mo wí jẹ́ẹ́. "Ẹni tó kéré jù lẹ máa kọ́kọ́ fún."

Wọ́n ṣa á jọ: ti Sídí, ti Ìyá, ìdajì tèmi, àti tiwọn tí wọ́n ti bù jẹ. Wọ́n gé e. Wọ́n fún Sídí, wọ́n fún mi. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Dádì, Ìyá ní, "Ìyẹn ti jẹ tiẹ̀," Dádì sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣàánú òun, Mọ́mì gé ègé kékeré fún un. Wọ́n fún Ìyá, Ìyá sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ohun tó kù nínú abọ́ ni etí ẹran kan tó ti gbẹ, àti ṣíìsì tó ti tutù tó ti le mọ́ ìdí abọ́. Gbogbo ìgbà yìí, Sídí kò tíì jẹ tirẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ Mọ́mì.

"Àǹtí, tiyín kéré," ló wí.

"Ó tó mi," ni Mọ́mì fèsì, wọ́n sì fi í sẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni Sídí jẹ ẹran rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ha ṣíìsì kúrò lára rẹ̀, ó sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò jẹ ẹ́ rárá. Kò sọ pé ó dùn. Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹran náà tán.

Mo máa ń ka àwọn ìwé tí ọ̀rọ̀ irú èyí ti máa ń parí síbẹ̀, tí ìyá àti ọmọ á dì mọ́ra. Nílé wa, Mọ́mì kó abọ́, èmi fọ̀ ọ́. Ìyá ní kí Sídí wá sùn ti àwọn. Ó sì pẹ́ gan-an lẹ́yìn ìgbà yẹn kí ọmọ náà tó pe Mọ́mì ní orúkọ tó yàtọ̀ sí Àǹtí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì sì mú kí n rò pé oúnjẹ náà kò yí nǹkan kan padà. Mọ́mì dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Ìyá àti Sídí sùn sí, wọ́n fẹ́ béèrè, wọn kò béèrè, wọ́n bá Dádì jáde lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo ń wọ aṣọ ilé ìwé, Ìyá ní kí n máa lọ, pé Sídí kò ní lọ sílé ìwé lónìí, pé ó ń bá àwọn lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀. Láti Ìjẹ̀dẹ̀, mo mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi wà tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, ilẹ̀kùn wà ní pípadé, kò sẹ́ni nílé. Mo wọlé, mo gbálẹ̀, mo sì lọ wo yàrá. Báàgì Ìyá kò sí níbẹ̀. Aṣọ Sídí wà níbi tó máa ń wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò fi ọkàn mi balẹ̀, torí ó ní aṣọ púpọ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọkọ̀ níwájú géètì. Ìyá kò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ jáde, wọ́n gbé Sídí sílẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀rá kan tó ń kán omi lé mi lọ́wọ́. Ẹja ńlá kan tó ní ìpẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

"Mi ò wọlé mọ́, ilẹ̀ máa ṣú bá mi. Sọ fún ìyá rẹ pé mo ti lọ."

"Ìyá, ṣé Sídí ò ní bá yín lọ ni?"

Wọ́n wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀. "Kò tíì rù tó," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí awakọ̀ máa lọ.

Mo mọ̀ pé ó ti rù. Gbogbo wa ló mọ̀. Ojú Ìyá mọ ìwọ̀n ẹja láìfi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ti fi ọwọ́ ara wọn di apá rẹ̀ mú lánàá.

Mọ́mì ti ń sáré kí wọ́n tó dé géètì ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Mo ṣí i fún wọn. Wọn kò kí mi, wọn kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, wọ́n wo pálọ̀, wọ́n wo yàrá, wọ́n sì jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Sídí jókòó sórí àpótí níbẹ̀, ẹja náà wà lórí itan rẹ̀, ọ̀bẹ kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpẹ́ ẹja ti lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀ dé ìgúnpá, ó lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ń dán nínú irun rẹ̀. Ó gbé ojú sókè nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí," ló wí. "Mo ti họ ìpẹ́ ẹ̀ tán. Ó kù kí ẹ sè é."